Ìkarahun lè dín sìmẹ́ǹtì kù, ṣùgbọ́n ẹ má sun ún

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin amòye. Ìkarahun oyster àti ti ìsáwùrú pọ̀ níkàáwọ́ mi, ńṣe là ń kó wọn dànù. Mo sun wọ́n nínú ààrò títí wọ́n fi funfun, mo lọ̀ wọ́n, mo sì fi wọ́n rọ́pò ìdá 30 nínú 100 sìmẹ́ǹtì tí mo fi yọ búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ kìíní, kò sí àbùkù. Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ mẹ́wàá, ihò wẹ́wẹ́ yọ sára búlọ́ọ̀kù, àwọn mìíràn sì sán. Wọ́n ní eérú ìkarahun ń ṣiṣẹ́ bíi sìmẹ́ǹtì. Ibo ni mo ti ṣì í? Ìdá mélòó ló yẹ kí n fi rọ́pò?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ibi iná lẹ ti kọ́kọ́ ṣì í, ìdá 30 yẹn ló wá tẹ̀ lé e. Ìkarahun tí a kò sun, tí a fọ̀ mọ́, tí a sì lọ̀ títí tó fi kúnná bíi sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, lè gba ipò ìdá 5 sí 10 nínú 100 sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò dáadáa lè dé 15. A ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń pò ó fúnra rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó kọjá ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ fún yín nípa eérú ìkarahun yìí ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ìkarahun ló jẹ́ kálísíọ̀mù kábọ́néètì, ohun kan náà tó wà nínú òkúta láìmù tí àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń wà nínú ilẹ̀. Ìyókù ni ohun tó dà bí awọ tín-ín-rín tí ẹran inú rẹ̀ fi so ó pọ̀, iyọ̀ òkun, àti àwọn èròjà kéékèèké mìíràn. Ti oyster àti ti ìsáwùrú kò rí bákan náà nínú lọ́hùn-ún: calcite ló pọ̀ jù nínú oyster, aragonite ló pọ̀ jù nínú ìsáwùrú. Èròjà kan náà ni wọ́n, bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀, aragonite sì wúwo díẹ̀ ju èkejì lọ. Nínú àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan.

Sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀, òkúta láìmù àti amọ̀ ni wọ́n jọ ń sun pọ̀, iná rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí 1450 °C. Ibẹ̀ ni láìmù ti ń wọnú èròjà yanrìn tó wà nínú amọ̀ tí wọ́n ń pè ní sílíkà. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ bí yìí ló ń mu omi tó sì ń le bí òkúta. Ìkarahun ní láìmù, kò ní sílíkà. Bí ẹ sun ún bí ẹ kò sun ún, kò lè di sìmẹ́ǹtì ní òun nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe irú eérú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pozzolan, ìyẹn eérú tó ní sílíkà tó lè bá láìmù inú sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́. Ìlànà ASTM C618 ti Amẹ́ríkà béèrè pé kí sílíkà, àlúmínà (èròjà mìíràn tó wà nínú amọ̀) àti èròjà irin inú pozzolan àdáyébá jọ tó ìdá 70 nínú 100, ó kéré tán. Ìkarahun kò súnmọ́ ọn rárá. Bí ẹ bá rí ìwé tó pe eérú ìkarahun ní pozzolan, ẹ wá tábìlì èròjà tó wà nínú ìwé náà, kí ẹ sì ro nọ́ńbà mẹ́ta yẹn pọ̀ fúnra yín.

Kí wá ni ìyẹ̀fun ìkarahun tí a kò sun ń ṣe nínú sìmẹ́ǹtì? Ó ń dí àlàfo tó wà láàárín hóró sìmẹ́ǹtì. Ó tún ń fún ohun líle tí sìmẹ́ǹtì ń bí ní ibi tó máa fìdí sí, èyí ló fi jẹ́ pé àpòpọ̀ tó ní ìwọ̀nba ìyẹ̀fun kíkúnná sábà máa ń yára le ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìkẹta ni pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá èròjà àlúmínà inú sìmẹ́ǹtì ṣe àjọṣe, wọ́n á bí ohun tí a ń pè ní carboaluminate, tó ń dí ihò tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n àlúmínà yẹn kò pọ̀. Bó bá ti tán, èyí tó kù nínú ìkarahun yín kò ju iyanrìn tó kúnná gan-an lọ. Ìdí nìyí tí díẹ̀ fi ń ṣe rere, tí púpọ̀ sì ń sọ àpòpọ̀ di ọ̀lẹ.

Ẹ lè sọ pé: iléeṣẹ́ ńlá ńkọ́, tí wọ́n ń fi òkúta láìmù tó pọ̀ sínú sìmẹ́ǹtì? Òótọ́ ni. Ìlànà EN 197-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù gba ìdá 6 sí 20 fún irú sìmẹ́ǹtì tó ń jẹ́ CEM II/A-L, ó sì gba 21 sí 35 fún CEM II/B-L. Type IL, sìmẹ́ǹtì tó ní òkúta láìmù nínú ìlànà ASTM C595, kò kọjá 15. Àmọ́ ńṣe ni iléeṣẹ́ ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ klínkà, ìyẹn ohun líle tó ń jáde nínú iná sìmẹ́ǹtì kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, wọ́n ń jẹ́ kó kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti fi dí agbára tó dín kù, wọ́n sì ń tún ìwọ̀n jípsọ́ọ̀mù, èròjà tí kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì yára dì jù, ṣe. Ẹni tó ń da ìyẹ̀fun sínú sìmẹ́ǹtì tó ti wà nínú àpò kò ní àǹfààní mẹ́ta yìí.

Èyí ló mú ká bẹ̀ yín pé kí ẹ ka ara àpò sìmẹ́ǹtì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà L tàbí LL lẹ́yìn CEM II, òkúta láìmù ti wà nínú rẹ̀. Ká ní ìdá 30 ló wà níbẹ̀: nínú 45 kg sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀, 31.5 kg péré ni kì í ṣe òkúta láìmù. Bí ẹ bá wá fi 5 kg ìyẹ̀fun ìkarahun kún un kó lè pé 50 kg, ìdá 37 nínú 100 ti di kábọ́néètì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin rò pé 10 lẹ fi sí i. CEM I, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé klínkà ni gbogbo rẹ̀, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Bí CEM II tó ní L bá ni ẹ ní lọ́wọ́, ẹ má kọjá ìdá 5.

Ní ti iná tí ẹ fi sun ún. Bí ooru bá ti ń wọ 800 sí 900 °C, kábọ́néètì á pínyà, afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì á jáde lára rẹ̀, ohun tó kù á di láìmù tí kò tíì mu omi. Nínú 100 kg kálísíọ̀mù kábọ́néètì, 56 kg láìmù ló máa kù. 44 kg ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Òùngbẹ omi ń gbẹ láìmù yìí gidigidi. Èyí tí iná rẹ̀ mọ níwọ̀n á mu omi lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ń po àpòpọ̀, á gbóná, á sì gba omi mọ́ sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́. Èyí tí iná pa jù ló léwu jù lọ: ara rẹ̀ ti dì pa, kò ní tètè mu omi. Ó máa dúró nínú búlọ́ọ̀kù títí búlọ́ọ̀kù á fi le, ìgbà yẹn ni yóò wá máa mu omi díẹ̀díẹ̀, tí yóò máa wú. Búlọ́ọ̀kù kò lè nà, ló bá bẹ́. Ẹ yẹ inú ọ̀kan nínú ihò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn wò. Bí ẹ bá rí hóró funfun rírọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, láìmù nìyẹn. Ààrò lásán kì í sun nǹkan dọ́gba: èyí tó wà láàárín á jóná jù, èyí tó wà létí á tutù, gbogbo rẹ̀ á sì pa pọ̀ di ìyẹ̀fun kan tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èéfín náà tún wà níbẹ̀. Láti bí tọ́ọ̀nù kan láìmù, nǹkan bí 0.79 tọ́ọ̀nù káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì ń jáde lára ìkarahun fúnra rẹ̀, a ò tíì ka ti igi tàbí gáàsì tí a fi dáná. Klínkà sìmẹ́ǹtì kì í ju nǹkan bí 0.53 lọ láti ara òkúta rẹ̀. Ẹni tó ń sun ìkarahun nítorí àyíká ti fi èyí tó burú jù rọ́pò èyí tó sàn.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun tó wà lọ́wọ́ yín ti di láìmù, ìdánwò méjì tó rọrùn wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ bu ṣíbí kan sínú omi díẹ̀ nínú abọ́ tí kò ní ìdérí: bó bá gbóná tàbí tó hó, láìmù wà níbẹ̀. Ẹ bu òmíràn sínú ọtí kíkan: ìkarahun tí a kò sun á máa yọ ìfófòó, nítorí kábọ́néètì inú rẹ̀ ṣì pé. Iná kan ṣoṣo tí a lè fọwọ́ sí ni iná jẹ́jẹ́ tí kò ju nǹkan bí 400 °C lọ. Ó máa ń jó ohun tó so ìkarahun pọ̀, kó lè rọrùn láti lọ̀, láìjẹ́ pé kábọ́néètì pínyà. Ẹni tí kò bá ní ààrò tó lè wọn ooru, kó fi iná sílẹ̀ pátápátá.

Ó yá, iṣẹ́ gan-an. Fífọ̀ ló máa gba àkókò yín jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Ẹ ha gbogbo ẹran tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Ẹ rẹ ìkarahun sínú omi tí kò níyọ̀ fún wákàtí 24, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe, kó tó ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Ìsáwùrú yàtọ̀ díẹ̀: ó lọ́, ẹran àti iyọ̀ máa ń fara pamọ́ sínú ìlọ́ yẹn, omi kì í wọ ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bíi 5 mm, kí ẹ tó wá rẹ ẹ́. Ẹ má ṣe fi omi bíléṣì pa òórùn rẹ̀, kílóráìdì, èròjà tó wà nínú iyọ̀, ló máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn bíléṣì, kílóráìdì náà sì ni ẹ ń sá fún. Òun ló ń mú kí irin inú kọnkéré dípẹtà. EN 197-1 kò gba ju ìdá 0.10 kílóráìdì nínú 100 sìmẹ́ǹtì lọ. Láti mọ̀ bóyá ẹ ti fọ̀ ọ́ tó, ẹ kán silver nitrate (oògùn ilé àyẹ̀wò tó ń fi iyọ̀ hàn) díẹ̀ sínú omi ìfọ̀ tó gbẹ̀yìn. Bó bá funfun bíi wàrà, iyọ̀ ṣì pọ̀. Bó bá mọ́ gaara tàbí tó kàn ṣú díẹ̀, ẹ ti ń débẹ̀. Fún ohunkóhun tí irin máa wà nínú rẹ̀, ẹ gbé ìyẹ̀fun náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀.

Ẹran tó bá ṣẹ́kù ní ìjàǹbá tirẹ̀: ó ń dá sìmẹ́ǹtì dúró kó má tètè le. Ẹ lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ nírọ̀rùn. Ẹ po sìmẹ́ǹtì nìkan pẹ̀lú omi títí tó fi dà bí àkàṣù rírọ̀, ẹ ṣe òmíràn tó ní ìdá 10 ìyẹ̀fun yín, ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò. Bí ti ìkarahun bá fi ju wákàtí kan lọ pẹ́ ju ti sìmẹ́ǹtì nìkan, ẹ padà síbi ìfọ̀.

Lẹ́yìn ìfọ̀, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, nínú oòrùn tàbí nínú ààrò tó wà ní 105 °C, títí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà mọ́. Ìkarahun tó bá tutù díẹ̀ á kàn lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ ni. Ẹ fọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ 5 mm kí ẹ tó gbé e sínú ẹ̀rọ ìlọ̀ oníbọ́ọ̀lù irin. A ò ní sọ iye wákàtí fún yín, nítorí ẹ̀rọ kan kò rí bí èkejì. Asẹ́ ló yẹ kó pinnu. Ẹ máa lọ̀ ọ́ títí tó fi jẹ́ pé, nínú 100 g, èyí tí kò gba inú asẹ́ 63 máíkírọ́ọ̀nù kọjá kò ju 10 sí 15 g lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo kì í sábà mú un débẹ̀. Bí irú rẹ̀ ni ẹ ní, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ lo èyí tó jáde nísàlẹ̀ asẹ́, kí ẹ sì fi èyí tó kù sórí asẹ́ rọ́pò díẹ̀ nínú iyanrìn. Ìkarahun tí kò kúnná tó, tí ẹ sì kà sí sìmẹ́ǹtì, irọ́ ni ẹ ń pa fún àpòpọ̀ yín. Ẹ bo imú àti ẹnu nígbà ìlọ̀, eruku rẹ̀ pọ̀.

Omi ló kù, òun náà ni kókó tó fìdí ọ̀rọ̀ ìdá 30 múlẹ̀. Ẹ gbé àpòpọ̀ ìdánwò EN 196-1 yẹ̀ wò: sìmẹ́ǹtì 450 g, iyanrìn 1350 g, omi 225 g. Omi jẹ́ 0.50 sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi ìkarahun rọ́pò ìdá 10: sìmẹ́ǹtì ti di 405 g, omi kò yí padà, ìṣirò ti di 0.56. Ní ìdá 30, sìmẹ́ǹtì 315 g ló kù, ìṣirò ti gòkè dé 0.71. Ìkarahun kò lo omi náà láti fi le, sìmẹ́ǹtì tó kù kò sì lè lò ó tán. Omi tí kò ríṣẹ́ ṣe á gbẹ, á sì fi ihò sílẹ̀. Àfikún kan wà lórí rẹ̀: hóró ìkarahun pẹlẹbẹ, ó sì ní igun, nítorí náà ó máa ń mú kí àpòpọ̀ le láti tẹ́. Òṣìṣẹ́ á wá fi omi kún un, bí àpòpọ̀ tó ti rẹ̀ ṣe máa tún rẹ̀ sí i nìyẹn. Bó bá le láti tẹ́, ẹ fi èròjà plasticizer, tó ń mú àpòpọ̀ rọ̀ láìfi omi kún un, sí i bí ara ìgò rẹ̀ ṣe wí, kí omi má yí padà.

Fún ìdánwò, ẹ ṣe mẹ́rin: èyí tí kò ní ìkarahun, ti ìdá 5 (427.5 g sìmẹ́ǹtì, 22.5 g ìkarahun), ti ìdá 10 (405 g àti 45 g), ti ìdá 15 (382.5 g àti 67.5 g). Iyanrìn, omi, àti bí ẹ ṣe ń pò ó kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Àpòpọ̀ kan á kún mọ́ọ̀dì 40 × 40 × 160 mm mẹ́ta. Ẹ ṣe ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ lè fọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ 7, mẹ́ta yòókù ní ọjọ́ 28. Ẹ má jẹ́ kí ti ọjọ́ 7 tàn yín, nítorí ìkarahun máa ń gbé agbára àkọ́kọ́ ga nígbà mìíràn, àìtó rẹ̀ á sì fara hàn lẹ́yìn. Ní tiwa, ìdá tó ga jù tí agbára rẹ̀ ní ọjọ́ 28 kò wálẹ̀ ju 10 nínú 100 lọ sí ti sìmẹ́ǹtì nìkan ni kí ẹ mú.

Ìdánwò wíwú náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún yín tí ẹ ti sun nǹkan tẹ́lẹ̀. Ilé àyẹ̀wò máa lo òrùka Le Chatelier. Kò gbọ́dọ̀ là ju 10 mm lọ. Nílé, ẹ tẹ́ àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì àti ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ sórí gíláàsì, ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún wákàtí 24, lẹ́yìn náà kí ẹ sè é nínú omi híhó fún wákàtí mẹ́ta. Bó bá wọ́, tó sán, tàbí tó fọ́ létí, ẹ da ìyẹ̀fun yẹn nù kúrò nínú ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù.

Nígbà tí ẹ bá ń po búlọ́ọ̀kù, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi garawa díwọ̀n rẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun tó fúyẹ́ àti sìmẹ́ǹtì tó kì kì í dọ́gba nínú garawa kan náà. Fún ìdá 10: sìmẹ́ǹtì 45 kg, ìyẹ̀fun ìkarahun 5 kg. Ẹ kọ́kọ́ po àwọn méjèèjì ní gbígbẹ títí àwọ̀ wọn fi dọ́gba, lẹ́yìn náà ni iyanrìn, omi ló máa gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá da ìyẹ̀fun lé iyanrìn tútù, á di kóríkórí, ibi tó bá sì dì sí nínú búlọ́ọ̀kù máa rọ̀. Ẹ máa bu omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Sìmẹ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀ ti dín, kò sí èyí tó yẹ kó ṣòfò.

Ẹ lò ó fún búlọ́ọ̀kù ògiri tí kò gbé ẹrù, fún ilé rírẹ́, fún òkúta ìtẹ́lẹ̀ àgbàlá. Ẹ má fi ṣe òpó, bíìmù tàbí pẹpẹ tó ní irin láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti rí èsì àyẹ̀wò kílóráìdì àti agbára rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ní sulphate (irú iyọ̀ kan tó ń jẹ kọnkéré), tí ó sì máa ń tutù sí ìsàlẹ̀ 15 °C, ẹ má fi sí ìpìlẹ̀ rárá: kábọ́néètì àti sulphate lè jọ bí thaumasite níbẹ̀, tó ń sọ kọnkéré di ẹrẹ̀.

Ìyẹ̀fun sísun tó kù lọ́wọ́ yín kò já sí òfo. Láìmù ni, ẹ lò ó bíi láìmù. Ẹ bomi sínú àgbá irin tí ẹ kò dé, kí ẹ máa rọra bu ìyẹ̀fun lé omi, ẹ má ṣe da omi lé ìyẹ̀fun, nítorí ó lè hó kó sì ta sí yín lójú. Ẹ máa rò ó, ẹ fi asẹ́ yọ hóró tí kò bá tú, kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èyí tí iná pa jù lè mu omi tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n kan rẹ̀ sí mẹ́ta iyanrìn á rẹ́ ògiri dáadáa, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kó tó le, torí inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì padà. Irú láìmù oyster bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn, omi àti odindi ìkarahun, ni wọ́n fi ń mọ ògiri tí wọ́n ń pè ní tabby ní etíkun Georgia àti South Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sì wà lórí ìdúró di òní.

Ní ti àwọn búlọ́ọ̀kù tó ti sán, ẹ má fi wọ́n mọ ògiri. Ẹ máa bu omi sí wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí láìmù tó kù nínú wọn lè wú tán níta, kí ẹ tó fọ́ wọn wẹ́wẹ́ fi dí kòtò.